Wọ́n la àyà mi nígbà èwe, mo sì fẹ́ bímọ báyìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ẹni ọdún 28 ni mí. Àìsàn ọkàn ni wọ́n bí mọ́ mi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Fallot. Aláró ni màmá mi. Wọ́n ní tí mo bá ti ń sunkún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ètè àti èékánná mi á dà bíi ti ẹni tó ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Èmi náà rántí pé tí mo bá sáré díẹ̀ níléèwé, àfi kí n lóṣòó sílẹ̀ kí èémí mi tó padà bọ̀ sípò, àwọn ọmọ kíláàsì mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìjọ wa àti mọ̀lẹ́bí dáwó jọ, wọ́n gbé mi lọ sí Íńdíà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Láti ìgbà náà n kò lóṣòó mọ́. Mo lọ sí yunifásítì, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé kí n ṣì máa lọ rí dókítà ọkàn, àwa náà ò sì béèrè. Ohun tí màmá mi máa ń sọ ni pé, "Wọ́n ti ṣe é, ó ti parí."

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti ṣègbéyàwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà mú mi, mo lọ sí ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́ kan gbé ẹ̀rọ lé mi láyà, ó gbọ́ ọ títí, ó bi mí pé àpá kí ni èyí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní òun ń gbọ́ ariwo kan nínú ọkàn mi, pé kí n má tíì lóyún títí dókítà ọkàn á fi yẹ̀ mí wò. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ìyá ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa àpá yìí. Tí wọ́n bá ti pè báyìí, a ò tíì kíra tán tí wọ́n á fi béèrè pé, "Ṣé kò tíì sí nǹkan?" Ọkọ mi ní tiẹ̀ mọ̀, ó ní ohun tí mo bá fẹ́ lòun náà fẹ́.

Ṣé mo lè bímọ? Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá?

Ìyá Dámiláre

Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Ọlọ́run tó mú ọ lọ sí Íńdíà tó mú ọ bọ̀, òun náà ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ihò wà nínú ọkàn tiẹ̀ náà, ó bí mẹ́ta, wẹ́rẹ́ ló sì bí gbogbo wọn. Àwọn dókítà ìwòyí fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù bani. Jẹun dáadáa, gbàdúrà, kí o jẹ́ kí oyún wá.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Mo ṣe àmín àdúrà yẹn, Ìyá Dámiláre. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ti ń ṣe láti ọdún 19 sẹ́yìn, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ aboyún tó ní àìsàn ọkàn dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ihò inú ọkàn kò dọ́gba. Èyí tó kéré, tó dí fúnra rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá a dí, ẹni tó ní in lè bímọ bí ẹlòmíì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí ni ti àbúrò ọkọ yín. Ti Àdùkẹ́ yàtọ̀. Nǹkan mẹ́rin ló pàdé nínú Fallot. Ihò wà láàárín ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọkàn méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fún pọ̀. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara wá jókòó lé ihò náà lórí. Ẹran apá ọ̀tún ọkàn sì nípọn nítorí wàhálà tó ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gba afẹ́fẹ́ á wá máa ya wọ inú ara. Ìyẹn ló mú ètè dà bí aró. Tí ọmọ náà bá lóṣòó, ẹ̀jẹ̀ á rí i pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ti há, púpọ̀ nínú rẹ̀ á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ara á tù ú. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ara wọn ló kọ́ wọn.

Iṣẹ́ abẹ dí ihò, ó sì la ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ ọkàn di tuntun. Àpá wà nínú ọkàn bó ṣe wà lórí àyà. "Wọ́n ti ṣe é" jẹ́ òótọ́. "Ó ti parí" ni kì í ṣe òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì máa ń kó àwọn obìnrin wa sí ìjàngbọ̀n.

Ẹ wo iṣẹ́ tí oyún ń gbé lé ọkàn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ inú ara á fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Iye tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan á fi 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Kí ikùn tó yọ rárá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 sí 32. Ọkàn tó ń rọra ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ nígbà náà.

Ìlànà kan wà tí àwọn dókítà ọkàn ń lò, orúkọ Àjọ Ìlera Àgbáyé ni wọ́n fi ń pè é. Ìpele kìíní ni ti àwọn tí ewu wọn kéré, ìpele kẹrin sì ni ti àwọn tí a máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n má lóyún rárá. Fallot tí wọ́n ṣe, tó sì jókòó dáadáa, ìpele kejì ló wà: nínú ọgọ́rùn-ún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 6 sí 10 ni ọkàn máa ń yọ lẹ́nu nínú oyún. Nítorí náà, àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé o ò lè bímọ. Ohun tí a ò mọ̀ ni ìwọ̀n ibi tí tìrẹ jókòó dé. Ariwo tí dókítà yẹn gbọ́ nílò àlàyé. Dókítà gidi ni, ó ṣe ọ́ lóore.

Wá ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ jáde. Bi màmá. Àwọn ìyá kì í sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù.

Tísà Àgbà Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo rí i pé àwọn kan fẹ́ máa bú àwọn ìyá wa pé wọn ò mọ̀. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1944, ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ni dókítà oníṣẹ́ abẹ Alfred Blalock kọ́kọ́ so iṣan ọmọ kan tí ara rẹ̀ dúdú bí aró pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Helen Taussig, dókítà ọkàn àwọn ọmọdé, ló mú àbá náà wá. Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ti fi ajá kọ́ iṣẹ́ náà títí ó fi mọ̀ ọ́n dunjú, ló dúró lẹ́yìn Blalock tó ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà fún un. Ṣáájú ìgbà yẹn, díẹ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà tó ẹni tí ń wọlé ọkọ. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí, ní Enugu. Àwọn ìyá wa ní orúkọ fún oríṣiríṣi oyún, ṣùgbọ́n oyún yìí, ìran tiwa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Àdùkẹ́ mi, omijé ni mo fi ń kà á. Èmi rèé, mo ti gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin.

Ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn tèmi. London ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi ni Fontan, orúkọ dókítà ará Faransé tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1968. Nínú ọkàn bíi tèmi, kò sí ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń wọ́ lọ fúnra rẹ̀ ni, bí omi inú gọ́tà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Tí omi ara mi bá dínkù, kò ní lọ. Tó bá pọ̀ jù, ikùn àti ẹsẹ̀ mi á wú. Ìpele kẹta ni wọ́n fi mí sí, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi lójú.

Ọdún méjì la fi múra kí n tó lóyún. Wọ́n kọ́kọ́ yọ enalapril kúrò nínú oògùn mi, torí ó ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 9. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé lára àwa tí a ní Fontan, oyún tó ń wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, síbẹ̀ ó dùn mí dé eegun. Èkejì dúró. Àràárọ̀ ni mo ń gún ara mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí gbogbo ikùn mi fi kún fún ojú abẹ́rẹ́. Dókítà ọkàn, dókítà aboyún, dókítà tó ń fi oògùn kunni lóorun àti agbẹ̀bí, inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn ti ń rí mi, lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n kọ ètò ìbímọ mi sí ojú ìwé kan, mo sì ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri nínú báàgì mi: oògùn tí wọ́n lè fún mi, èyí tí wọn ò gbọdọ̀ fún mi, nọ́ńbà tí wọ́n á pè. Wọ́n kọ ergometrine, oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, sílẹ̀ wọ́n sì fi ìlà pupa fà á, torí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ọ̀sẹ̀ 34 ni ọmọ dé. Wọn ò là mí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kí ìrora má bàa mú ọkàn mi sáré, wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀, wọ́n ní kí n má rin láti ti ọmọ jáde, wọ́n fi irin fà á jáde. Ohun kan tí n kò lè gbàgbé: wọ́n fi asẹ́ kékeré kan sí ara okùn dríìpù mi. Mo béèrè ohun tó wà fún. Nọ́ọ̀sì náà ní ihò kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú Fontan mi lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bíńtín kan ṣoṣo gba ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ bíńtín péré! Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ ìbímọ wa, kò sí ohun tó kéré nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, ẹ gbọ́: àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú là ń kú sí ọ̀rọ̀ ìbímọ jù àwọn òyìnbó lọ níhìn-ín. Tí o bá ní èémí ò tó ọ, tí wọ́n ní "oyún ni," ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò yẹ̀ ọ́ wò. Wọ́n á dìde.

Bàbá Ìrètí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. N kì í sábà sọ èyí.

Ìyàwó mi àkọ́kọ́ ní ihò ńlá kan nínú ọkàn tí ẹnikẹ́ni ò dí nígbà èwe, torí a ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti kékeré ti mú kí iṣan ibẹ̀ le bí ọ̀pá, ìfúnpá ibẹ̀ ga, ẹ̀jẹ̀ wá yíjú padà. Eisenmenger ni wọ́n ń pè é. Ìpele kẹrin tí Nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, nínú ọgọ́rùn-ún aboyún tó ní in, 30 sí 50 ló ń kú. Oyún ti pé oṣù márùn-ún kí ẹnì kan tó fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó kà 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà tó rí i pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, ó tún un há. 82.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó bímọ, ó gbọ́ igbe ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ní ó ti kọjá. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Àwọn obìnrin ilé wa ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀ de ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí a bá kí ìyá ọmọ pé "ẹ kú ewu," a máa ń rò pé ewu ti lọ. Fún ọkàn bíi tiẹ̀, lẹ́yìn ìbímọ gan-an ni ewu ń gòkè. Ìrètí ti wà níléèwé girama báyìí, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé wáyé. Mo dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti sọ fún wa kí oyún tó dé ni, n kì bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bímọ fún mi. À bá lọ gba ọmọ tọ́.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Bàbá Ìrètí, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á wo Ìrètí dàgbà fún yín.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí ọmọ àti ibi bá jáde, ilé ọmọ á fún, ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á sì ya padà sọ́dọ̀ ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó ti kó sínú ara nínú oyún náà á máa padà wọ inú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ dúró sí wọ́ọ̀dù tí ilé á máa bínú pé "ṣebí ó ti bí." Ẹ má gbé e lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ gba orúkọ, kí ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó má lóyún, tàbí kó dúró ná, kó má ṣe lọ ra oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́dọ̀ kẹ́mísì. Èyí tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní ẹstrójìn nínú ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò dára fún púpọ̀ nínú àwọn ọkàn wọ̀nyí. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kò ní in nínú, ó sì ń dúró fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.

Ìyá Dámiláre

Ọmọ mi Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, fi orí jì mí. Mo kà ti Bàbá Ìrètí, n kò lè jẹun alẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ, n kò mọ̀ pé ọkàn yàtọ̀ sí ọkàn.

Nọ́ọ̀sì, àgbo àbíwẹ́rẹ́ ńkọ́? Mo ń sè é fún àwọn aboyún àdúgbò wa.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, mà. Ẹ má fún aboyún tó ní àìsàn ọkàn. Mélòó kan nínú àwọn ewé yẹn ń mú ilé ọmọ fún lójijì, a ò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá tún wà lórí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí fáàfù (ìlẹ̀kùn inú ọkàn) onírin, àgbo lè sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi tàbí kó jẹ́ kó dì mọ́ fáàfù náà. Warfarin fúnra rẹ̀ gan-an lè ba ọmọ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, síbẹ̀ ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ lè kú. Dókítà ló ń ṣe ìyẹn.

Tí aboyún kankan ládùúgbò yín ò bá lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tó jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn, tó ń wúkọ́ lóru, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́ tiyín.

Ọkọ Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìfẹ́ o. Ìyàwó mi ló fi hàn mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé ọmọ náà á ní in?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí obìnrin bíi tiwa bí, nǹkan bí 3 sí 5 ló máa ń ní àìsàn ọkàn, nígbà tí ti àwọn tó kù kò ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 wọ́n á ṣe skáànù ọkàn ọmọ inú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Fallot, ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ àbùkù àbùdá kan wò tí wọ́n ń pè ní 22q11. Tí ìyá bá ní in, ìdajì-ìdajì ni pé ọmọ á gbà á. Ó sàn kéèyàn mọ̀ ṣáájú.

Àdùkẹ́ Ìtòkú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ti padà dé.

Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ òfì ni ìwé náà wà, nínú àpòòwé kan tí aró ti kàn létí. Màmá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú gbogbo rẹ̀, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Dókítà ọkàn ka ìlà kan, ó fi bírò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀: transannular patch. Ó ní kí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró mi lè fẹ̀, wọ́n ní láti la ojú fáàfù ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì lẹ nǹkan mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ tó bá lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà wá. Ariwo yẹn nìyẹn. Ọdún 22 ni ó fi ń padà.

Apá òsì ọkàn mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n há mi níka kà 97. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ mi láyà fún odindi ọjọ́ kan, ìlù ọkàn mi ò ṣìnà. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ti fẹ̀. Wọ́n ní MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ló máa sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Tí kò bá tíì fẹ̀ jù, mo lè lóyún, kí dókítà ọkàn àti dókítà aboyún jọ máa rí mi. Tó bá ti fẹ̀ jù, wọ́n á kọ́kọ́ fi fáàfù tuntun sí i, èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe, kí n má bàa wà lórí warfarin. Kò lọ títí ayé, ṣùgbọ́n ó fàyè gba oyún. Èyí ò dùn mọ́ mi nínú, torí mo fẹ́ kí wọ́n ní kí n máa lọ. Àmọ́ mo sùn lọ́jọ́ náà.

Ọkọ mi àti èmi lọ bá ìyá rẹ̀. Mo ṣí bọ́tìnnì mi, mo fi àpá náà hàn wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ṣe èyí fún?" Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pè, wọ́n á béèrè pé ṣé mo sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni MRI, l'Ékòó. Ìyá ọkọ mi ní àwọn fẹ́ bá wa lọ. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wáyà tí wọ́n fi di egungun àyà mi ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀rọ náà máa fà á.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Kò ní fà á, àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti la àyà wọn ló ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì mú ìwé inú àpòòwé yẹn dání, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo gan-an, wọ́n á fún ọ ní nǹkan dí etí. Wọ́n á máa sọ pé "mí sínú, dá èémí dúró." Máa fi ìyẹn dánra wò láti ìsinsìnyí. Kí ìyá ọkọ rẹ mú ìborùn dání, otútù yàrá yẹn pọ̀.